Áyódíìnì kan náà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí ẹ ṣe lè fojú rí i pé sọ́fẹ́ǹtì ń di hálójìn mú

Ẹ mú áyódíìnì láti inú ìgò kan ṣoṣo. Ẹ kán an sínú sípírítì, yóò pọ́n rúsúrúsú. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sínú kẹrosíìnì, yóò di elésè àlùkò. Kò sẹ́ni tó ro aró mọ́ ọn, kò sì sí ohun tó jóná níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni sọ́fẹ́ǹtì, ìyẹn ohun olómi tí áyódíìnì yẹn yọ́ sínú rẹ̀.

Bí àwọn ọmọ SS ṣe ń kọ kẹ́mísírì, sọ́fẹ́ǹtì kì í jẹ́ nǹkan kan. Wọ́n á kọ ohun tó wọlé, wọ́n á fa ọfà, wọ́n á kọ ohun tó jáde. Omi tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kò ní ipa kankan lójú wọn, abọ́ lásán ni. Ìlọrin níbí ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní kẹ́mísírì, èrò yìí sì wà lára àwọn tó máa ń le jù láti yọ kúrò lọ́kàn wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó o. Àfi kí wọ́n rí i.

Ẹbí fluorine, chlorine, bromine àti iodine ni wọ́n ń pè ní hálójìn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló kù kí átọ́mù kọ̀ọ̀kan wọn fi kún, ìdí nìyẹn tí méjì-méjì fi ń so pọ̀, tí wọ́n ń pín ohun tí wọ́n ní lò. Tí ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru bá tú wọn ká, átọ́mù tó dá wà á máa wá nǹkan tí yóò gbá mú lójú ẹsẹ̀. Nínú ohun olómi, ta ló máa kọ́kọ́ bá pàdé? Sọ́fẹ́ǹtì ni, nítorí òun ló yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Àwọn méjèèjì á so mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á tún tú ká.

Ìsomọ́ra ti átọ́mù kò ṣeé fojú rí nílé tàbí ní kíláàsì, ó yára jù. Ṣùgbọ́n odidi mólékù áyódíìnì, tí átọ́mù méjì rẹ̀ ṣì so pọ̀, ń ṣe irú nǹkan kan náà ní pẹ̀lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ń tú àṣírí. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n óò sọ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń rí ti átọ́mù gan-an.

Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ ya kẹ́míìsì. Tincture of iodine lẹ máa béèrè. Ìgò kékeré kan tó fún odidi kíláàsì. Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: iodine, potassium iodide àti alcohol ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tajà lè na povidone-iodine sí yín, nítorí òun náà pọ̀ lórí àtẹ, òun sì làwọn nọ́ọ̀sì sábà máa ń fi nu ojú egbò. Ẹ má gbà á fún iṣẹ́ yìí. Nínú rẹ̀, mólékù gígùn kan ti lọ́ mọ́ áyódíìnì, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tú u sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ta lójú egbò tó tincture. Fún wa, díẹ̀díẹ̀ yẹn ni wàhálà: kẹrosíìnì ò ní rí áyódíìnì tó pọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọ̀ á kàn hàn fẹ́ẹ́rẹ́.

Ní kẹ́míìsì yẹn náà, ẹ ra sípírítì tí kò ní àwọ̀, sírínjì méjì tí ẹ máa yọ abẹ́rẹ́ wọn sọnù, àti fítámì C funfun. Fítámì C aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọmọ ń lá kò dára, àwọ̀ tirẹ̀ á da ojú rú.

Kẹrosíìnì tó tó ife kan ti pọ̀. Ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ wò ó: kó mọ́, kó má pọ́n. Tó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, ẹ má sì lò ó fún nǹkan kan. Ẹ tún wá òróró ẹ̀pà díẹ̀, omi inú ọ̀rá kan, àti sitáàṣì tí wọ́n fi ń na aṣọ. Tí ẹ ò bá rí sitáàṣì, ẹ po ẹ̀kọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ bu ṣíbí kan nínú rẹ̀ sínú omi púpọ̀, ó ti tó. Ìgò kéékèèké mẹ́rin tí ojú wọn mọ́ kedere, tó sì ní ìdérí, ló kù, pẹ̀lú bébà funfun kan láti fi tẹ́ ìdí wọn.

Ẹ má ṣe é nítòsí iná. Kì í ṣe nínú ilé ìdáná, kì í ṣe nítòsí jẹnẹrétọ̀, kẹ́nikẹ́ni má sì mu sìgá níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ló dára jù. Áyódíìnì kì í ṣe ohun mímu, ó sì ń ta ojú. Kí àwọn ọmọ wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá tó bá wà. Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní dandan: ammonia kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí áyódíìnì wà, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn ìfọṣọ tí ń sọ aṣọ di funfun kò gbọ́dọ̀ pàdé ásíìdì. Ohun tí àwọn méjèèjì ń bí léwu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: omi

Ẹ bu omi sínú ìgò àkọ́kọ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Ẹ fi sírínjì kán tincture sí i, ẹ̀kán mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á wọlé bí èéfín, á rọra tàn ká, omi á sì di àwọ̀ ìyeyè tó ti ń pọ́n. Tó bá ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò fi lè rí òdìkejì, ẹ da díẹ̀ nù kí ẹ fi omi kún un. Omi tó pọ̀ sàn ju omi tó kéré lọ níbí, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: kẹrosíìnì

Ẹ tẹ ìgò náà díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí kẹrosíìnì máa ṣàn gba ara rẹ̀ wọlé títí yóò fi tó ìbú ìka méjì. Á léfòó sórí omi, torí ó fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ má tíì gbọ̀n ọ́n. Ẹ gbé ìgò náà sórí bébà funfun, kí gbogbo ọmọ wo ojú ààlà ibi tí omi àti kẹrosíìnì ti pàdé.

Ibí yìí ni mo máa ń jẹ́ kí kíláàsì dákẹ́. Lókè, kẹrosíìnì mọ́, kò ní àwọ̀ kankan. Nísàlẹ̀, omi pọ́n. Lójú ààlà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lápá ti kẹrosíìnì, àwọ̀ osùn tí wọ́n fi omi là ni yóò kọ́kọ́ jọ, lẹ́yìn náà ni búlúù á yọ sí i. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Áyódíìnì ló ń ré kọjá fúnra rẹ̀, bó sì ṣe ń ré kọjá ló ń pàrọ̀ àwọ̀. Ọmọ kan bi mí rí pé, “Sà, ṣé kì í ṣe pé nǹkan ti wà nínú kẹrosíìnì yẹn tẹ́lẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ bu kẹrosíìnì lásán sínú ìgò kejì tó ní omi lásán, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì máa wo méjèèjì.

Ẹ wá dé ìgò àkọ́kọ́, ẹ yí i sókè-sódò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣí ìdérí kí atẹ́gùn jáde, ẹ tún dé e, ẹ gbé e kalẹ̀. Tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n tagbára-tagbára, yóò hó, ẹ ó sì jókòó tì í pẹ́ kó tó yà sọ́tọ̀. Tó bá yà tán, òkè á ti di elésè àlùkò, ìsàlẹ̀ á sì ti ṣá.

Bí òkè kò bá wá pọ́n dáadáa ńkọ́? Ẹ fi omi kún ìsàlẹ̀, ẹ tún un yí. Potassium iodide tó wà nínú tincture ń di áyódíìnì mú sínú omi: iodide kan á so mọ́ mólékù áyódíìnì kan, mẹ́ta á wá di ìdìpọ̀ kan. Òun gan-an ló fún omi ní àwọ̀ rẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí áyódíìnì rí àyè lọ sókè. Tí omi bá pọ̀, iodide á fọ́n káàkiri, ìdìmú rẹ̀ á dẹ̀. Ẹ ti rí ìsomọ́ kan tó ń tú báyìí, kí a tó dé ibi tí mo ní à ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: sípírítì

Èyí ò gba àkókò. Ẹ da kẹrosíìnì inú ìgò kejì sọ́tọ̀, ẹ fi bébà nu inú rẹ̀ gbẹ, ẹ bu sípírítì sí i, ẹ kán tincture sí i ní ìwọ̀nba tí ẹ fi sí omi. Rúsúrúsú. Ẹ gbé e ti ìgò elésè àlùkò. Kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Èyí tó bá kọ ọ́ pé “áyódíìnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni,” ẹ má tíì bá a wí, ìgbésẹ̀ tó kàn ló máa dá a lóhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sún àwọ̀ kan di òmíràn

Ẹ fi sírínjì kejì fa kẹrosíìnì elésè àlùkò yẹn, kó má fa omi mọ́ ọn, kí ẹ dà á sínú ìgò kẹta tó gbẹ. Ẹ rọra kán òróró ẹ̀pà sí i, ẹ máa yí ìgò bí ẹ ṣe ń kán an. Òróró àti kẹrosíìnì máa ń pòpọ̀ láìjà. Bí òróró ṣe ń pọ̀ sí i ni elésè àlùkò á máa sá, àwọ̀ á máa pọ́n lọ sọ́nà rúsúrúsú. Áyódíìnì tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ sí i, kò dín. Mólékù òróró ní ọ́síjìn lára, ọ́síjìn yẹn sì ń di áyódíìnì mú gẹ́gẹ́ bí ti sípírítì ṣe ń ṣe. Mólékù kẹrosíìnì kò ní ọ́síjìn, kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn nìkan ló ní, kò sí ohun tó fẹ́ fi dì í mú dáadáa.

Ẹ má fi ìgò yìí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wò ó. Áyódíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú mólékù òróró gan-an ní ibi tí ìdè onímejì wà, ìyẹn ibi tí kábọ́ọ̀nù méjì ti fi ìdè méjì so pọ̀, àwọ̀ á máa parẹ́ lọ, pàápàá tí oòrùn bá ń ta sí i. Ìyẹn ti kúrò ní dídìmú, ó ti di ìgbéyàwó. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tó ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀: àwọ̀ tó yí padà lójú ẹsẹ̀ tó sì ṣeé dá padà yàtọ̀ sí àwọ̀ tó lọ láìní padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tú u, ẹ tún un so

Kẹrosíìnì àti sípírítì kò ṣeé gbé ka iná, nítorí náà sitáàṣì la máa fi ṣe èyí. Ẹ bu omi sitáàṣì fẹ́ẹ́rẹ́ sínú ìgò kẹrin, ẹ kán tincture kan tàbí méjì péré sí i. Àwọ̀ aró á yọ lójú ẹsẹ̀. Mólékù sitáàṣì máa ń ká lọ́ríkọ́rí, áyódíìnì á wọnú ihò tó wà láàárín ìkákò yẹn, á tò síbẹ̀ ní ìlà.

Ẹ sè omi lọ́tọ̀, kó hó, ẹ gbé e kúrò níbi iná wá síbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ bù ú sínú abọ́, ẹ ti ìgò náà bọ inú rẹ̀. Ẹ fi ìdérí bò ó lójú, ẹ má lọ́ ọ pa. Bí ooru bá ṣe ń wọ̀ ọ́, àwọ̀ aró á máa ṣá títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ gbé e wá sínú omi tútù. Yóò padà. Ẹ lè ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé áyódíìnì díẹ̀ máa ń bá ooru lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù Ẹrẹ̀nà tí Ìlọrin ń gbóná, ẹ bu omi òtútù láti inú fíríìjì sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Omi ẹ̀rọ nìkan kì í sábà tutù tó.

Ohun tí ìgbésẹ̀ yìí ń fi hàn ni pé ìdìmú náà kò lágbára. Ooru omi lásán tó láti tú u. Ìdè gidi láàárín átọ́mù áyódíìnì méjì kò tú nínú abọ́ omi gbígbóná yẹn. 151 kílójúùlù ló ń ná ẹni tó bá fẹ́ tú mole kan rẹ̀ (mole ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye mólékù).

Kí ló ń pa àwọ̀ dà?

Nínú kẹrosíìnì, áyódíìnì ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì, ní nǹkan bíi 520 nánómítà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Pupa àti búlúù ló kù fún ojú wa, àpapọ̀ wọn sì ni elésè àlùkò. Nínú alcohol, ìyẹn sípírítì wa, ibi tó ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì sún sí apá búlúù, ní nǹkan bíi 445. Búlúù ti bọ́ sọ́nà ọ̀fun, rúsúrúsú ló ṣẹ́kù.

Ìdí tó fi sún ni pé ọ́síjìn alcohol ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò fi so mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń yá áyódíìnì lára rẹ̀, kò fún un pátápátá. Ní 1949, Benesi àti Hildebrand ní Yunifásítì California, ní Berkeley, wọn áyódíìnì tó wà pẹ̀lú benzene, ohun olómi tí kábọ́ọ̀nù inú mólékù rẹ̀ so pọ̀ bí òrùka, wọ́n sì rí ìgbémì tuntun kan ní agbègbè 297 nánómítà, níbi tí ojú èèyàn kò lè dé. Áyódíìnì nìkan kò ní in, benzene nìkan kò ní in, àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n so mọ́ra ló ni ín. Robert Mulliken, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdè kẹ́míkà, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yíyá yìí lẹ́yìn wọn.

Benzene tí mo dárúkọ yẹn, ẹ má lọ wá a kiri. Ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìwé la ti máa bá a pàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: láti mólékù dé átọ́mù

Ìgbésẹ̀ yìí, pátákó àti ẹ̀fun ló nílò. Ẹ gbé ìgò elésè àlùkò sójú fèrèsé. Ẹ ní kí àwọn ọmọ pín 119,600, iye tó ń sọ nánómítà di kílójúùlù fún mole kan, sí 520. Ìdáhùn ni 230, ìyẹn agbára ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ní kílójúùlù fún mole kan. Kí wọ́n fi í wé 151 tí a ti dárúkọ. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé ní agbára tó láti tú áyódíìnì sí átọ́mù méjì, ó sì ń tú u lóòótọ́, nínú ìgò tó wà níwájú wọn yẹn, nísinsìnyí.

Kí ló dé tí àwọ̀ kò fi parẹ́? Nítorí pé wọ́n ń tún ara wọn rí. Ní 1934, James Franck àti Eugene Rabinowitch sọ pé mólékù sọ́fẹ́ǹtì tó yí átọ́mù méjì náà ká ń ṣe àgò fún wọn. Wọ́n túká tán, wọ́n fi orí gbá àgò, púpọ̀ nínú wọn á sì padà so pọ̀ kó tó di pé ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá pé. Àwọn díẹ̀ tó bá rí ọ̀nà jáde ló ń rìn kiri, títí wọn ó fi bá átọ́mù míì pàdé.

Àwọn tó ń rìn kiri yìí gan-an lọ̀rọ̀ wa. Ẹ ronú èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní Gàráájì Ọ̀fà. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, agbèrò kan ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Agbèrò ò dè é mọ́lẹ̀, èrò náà ṣì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ yẹn bá wà lára rẹ̀, kò lè sáré kó sínú ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ rí.

Glen Russell ní Amẹ́ríkà rí i ní 1957 pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti átọ́mù chlorine. Ó mú 2,3-dimethylbutane, mólékù tó ní oríṣi háídírójìn méjì: èyí tó wà lára kábọ́ọ̀nù àárín, tó rọrùn láti já, àti èyí tó wà ní etí, tó le díẹ̀. Átọ́mù chlorine tí kò sẹ́ni tó dì í mú kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàṣàyàn. Tàárín kò ju nǹkan bí ìlọ́po 4 ti etí lọ lójú rẹ̀. Nígbà tí benzene pọ̀ nínú ìgò, ní ìwọ̀n mole 8 nínú lítà kan, ìlọ́po náà gòkè dé nǹkan bí 49. Chlorine kan náà ni, háídírójìn kan náà, ìwọ̀n ooru kan náà, 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Benzene ló dì í lọ́wọ́ mú, ó wá di ẹni tó ń yan ohun tó máa mú. Tí ẹ bá ní àkókò fún nǹkan kan ṣoṣo lórí pátákó, iye méjì yìí ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Mi ò tíì rí àlàyé tó yé ọmọ jù ú lọ.

Bí wọ́n ṣe ń rí ohun tí kì í dúró

Ohun tí Russell rí jẹ́ ipasẹ̀, kì í ṣe ẹranko fúnra rẹ̀. Láti rí ìsomọ́ náà fúnra rẹ̀, ọ̀nà tí Ronald Norrish àti George Porter gbé kalẹ̀ ní Cambridge lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ń tọ̀. Òun ló mú kí àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Manfred Eigen ará Jámánì, gba Nobel ní 1967. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ lè kọ ọ́ fún àwọn ọmọ bó ṣe wà yìí.

Wọ́n á kọ́kọ́ yan mólékù tó máa bí átọ́mù náà, tí yóò já nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Wọ́n á yọ́ ọ sínú sọ́fẹ́ǹtì tí wọ́n fẹ́ dán wò. Wọ́n á wá fi ìmọ́lẹ̀ líle kan bù yẹ̀rì lù ú, ní ayé Porter gílóòbù ńlá ni, lónìí lésà ni. Ìmọ́lẹ̀ kejì tó rọlẹ̀ á tẹ̀ lé e láti wo ohun tó wà níbẹ̀: àwọ̀ wo ló ti sọnù nínú rẹ̀ bó ṣe ń jáde? Ìsomọ́ chlorine àti benzene ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ní agbègbè 490 nánómítà. Nígbà tí 490 bá dín, wọ́n mọ̀ pé ó ti dé. Nígbà tí 490 bá padà bọ̀ sípò, wọ́n mọ̀ pé ó ti lọ. Wọ́n á wá sún ìmọ́lẹ̀ kejì síwájú díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, títí wọn ó fi lè ya àwòrán bó ṣe wá àti bó ṣe lọ.

Àwọn ọmọ máa béèrè pé aago wo ló lè ka ìgbà kékeré bẹ́ẹ̀. Kò sí aago níbẹ̀, rúlà ni. Ìmọ́lẹ̀ ń rin 30 sẹ̀ǹtímítà nínú ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kejì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé, ẹ jẹ́ kó gba ọ̀nà tó fi 30 sẹ̀ǹtímítà gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Rúlà tó wà nínú báàgì wọn ni. Kí wọ́n gbé e jáde, kí wọ́n dì í mú, kí ẹ sọ fún wọn pé ohun tí ọwọ́ wọn dì mú nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ ìgbà tó kéré sí ìyẹn lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà ni wọn ó fi kún ọ̀nà náà.

Ìsomọ́ chlorine àti benzene kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ó tilẹ̀ lè máà tó bẹ́ẹ̀, ó sinmi lórí ohun tó bá yí i ká. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò ní Ìlọrin nígbà tí ìsomọ́ náà bẹ̀rẹ̀ kò ní tíì sún mọ́ Ọ̀fà kó tó tú ká. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ti jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ibi tí átọ́mù náà ń jókòó sí: ṣé àárín òrùka benzene ni, àbí lórí kábọ́ọ̀nù kan? Ẹ̀rí tó pọ̀ jù tọ́ka sí orí kábọ́ọ̀nù kan. Àwọn ọmọ tó bá fẹ́ràn ìyàwòrán, ẹ ní kí wọ́n ya méjèèjì, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n rò pé ó lè rọra sún láti kábọ́ọ̀nù dé kábọ́ọ̀nù.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ palẹ̀ mọ́

Ẹ lọ fítámì C funfun kan, ẹ yọ́ ọ sínú omi díẹ̀, ẹ dà á sínú ìgò elésè àlùkò, ẹ dé e, ẹ yí i. Àwọ̀ á parẹ́ lókè àti nísàlẹ̀. Fítámì C ti fún áyódíìnì ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pátápátá, áyódíìnì ti di iodide, iodide kò sì ní àwọ̀. Fítámì C kì í wọnú kẹrosíìnì, nínú omi ló wà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pa èyí tó wà nínú omi run ni tòkè ń sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò, títí gbogbo rẹ̀ á fi tán. Ìgò sitáàṣì àti ti sípírítì náà, oògùn kan náà ni. Omi tó bá ti mọ́ ṣeé dà sí gọ́tà pẹ̀lú omi púpọ̀.

Kẹrosíìnì kò ṣeé dà síbẹ̀. Gọ́tà ìgboro wa tó pọ̀ jù ń wọ́ lọ sí odò Àsà, àwọn èèyàn sì ń pọn omi rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi sírínjì fa á sínú ìgò kan, pẹ̀lú èyí tí ẹ da sọ́tọ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ kọ “kẹrosíìnì áyódíìnì, kì í ṣe ti sítóòfù” sí ara rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún kíláàsì tó ń bọ̀. Èyí tí òróró ti wọ̀, ẹ da á sínú ìyẹ̀fun igi gbígbẹ, kó fà á mu, kí ẹ kó o síbi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, jìnnà sí iná.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí áyódíìnì bá ta sí, kẹ́ ẹ má fi ọṣẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi omi fítámì C yẹn kan náà pa á, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó wá fọ̀ ọ́.